Ojú Apẹ̀rẹ̀: Bí Hihun Agbọ̀n Ṣe Fún Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ Kan Lórúkọ

Ìtàn ọba àti ìtàn ogun ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wa tá a bá ní ká sọ̀tàn. Ti òní yìí, ìtàn apẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànù, ó gba Faransé àti Amẹ́ríkà kọjá, ó sì kan ilẹ̀ Áfíríkà níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò rò.

Tí ẹ bá dọ́jà, ẹ fara balẹ̀ wo agbọ̀n tí wọ́n fi ń kó adìẹ àti èyí tí wọ́n fi ń kó èso. Hihun pọ̀ lóríṣiríṣi, àmọ́ méjì péré la nílò lónìí. Nínú èkíní, ọ̀nà méjì ni ọparun tàbí ìko tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbà: àwọn kan dúró, àwọn kan dábùú, bíi ti aṣọ òkè. Igun mẹ́rin ni ihò rẹ̀ máa ń ní. Nínú èkejì, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà: àwọn kan dábùú, àwọn kan fì sọ́tùn-ún, àwọn kan fì sósì. Bí wọ́n ṣe ń gba orí ara wọn, tí wọ́n ń gba abẹ́ ara wọn, ihò ńlá onígun mẹ́fà á yọ, ihò kéékèèké onígun mẹ́ta mẹ́fà á sì yí i ká. Hihun yìí kì í jẹ ọparun púpọ̀, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀, síbẹ̀ kì í yẹ̀, torí pé fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ló di èkejì mú. Ẹ fi àwòrán ihò ńlá àti ihò kéékèèké yẹn sọ́kàn. Òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Kí là ń pe ihò apẹ̀rẹ̀? Ojú ni. A ní ojú àwọ̀n, a ní ojú asẹ́, a ní ojú apẹ̀rẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn ará Jàpáànù ṣe. Lédè wọn, kago ni apẹ̀rẹ̀, me ni ojú, ojú tá a fi ń ríran gan-an. Kagome, ojú apẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí, tẹ́ ẹ bá wọ yàrá ìwádìí físíìsì ní Princeton, ní Paris, ní Beijing tàbí ní Dresden, ẹ lè gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pè é: kagome, kagome. Kò sẹ́ni tó tú u. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè é ò gbọ́ èdè Jàpáànù, wọn ò sì hun agbọ̀n rí.

Ọdún 1951 ni ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwé físíìsì. Ogun Àgbáyé Kejì ti parí ní 1945, ìlú Osaka tí bọ́ǹbù bà jẹ́ ṣì ń gbéra nílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní yunifásítì ibẹ̀ tó ń jẹ́ Kodi Husimi, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Itiro Syozi sì ń bá a ṣiṣẹ́. Ìbéèrè nípa òòfà ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Àwòrán tí wọ́n ń ṣírò lé lórí ò yàtọ̀ sí apẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ilé ẹnikẹ́ni ní Jàpáànù. Wọn ò lọ yá orúkọ lọ́wọ́ Látìn tàbí Gíríìkì. Syozi fi kagome sínú àkọlé ìwádìí rẹ̀, ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Progress of Theoretical Physics, ó parí. Orúkọ náà ò tún yí padà mọ́.

Kí ló wá kan òòfà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀? Ibí yìí ló yẹ ká ti rọra.

Nínú ọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣe bí òòfà, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan dà bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kékeré. Nínú irin, gbogbo abẹ́rẹ́ yẹn lè kọjú síbì kan náà, ìyẹn ló ń jẹ́ kí irin fa irin. Àmọ́ àwọn ohun mìíràn wà tó jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ kan bá kọjú sókè, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á kọjú sílẹ̀. Louis Néel, ọmọ Faransé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1970, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi aṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní aṣọ méjì péré ló wà lọ́jà, funfun àti aró, òfin sì wà pé aládùúgbò méjì ò gbọ́dọ̀ wọ irú kan náà. Tí ilé mẹ́rin bá wà ní igun mẹ́rin, kò sí wàhálà: funfun, aró, funfun, aró. Ó tán. Ẹ wá mú ilé mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ aládùúgbò àwọn méjì yòókù. Ẹni àkọ́kọ́ wọ funfun, ẹnì kejì wọ aró. Ẹnì kẹta ńkọ́? Tó bá wọ funfun, ó rú òfin pẹ̀lú ẹni àkọ́kọ́. Tó bá wọ aró, ó rú u pẹ̀lú ẹnì kejì. Kò sí baálẹ̀ tó lè parí ẹjọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe pé ẹnì kan nínú wọn ya olóríkunkun. Bí ilé wọn ṣe to ni ẹjọ́ náà ti wá.

Ní 1950, Gregory Wannier, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, ṣírò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí gbogbo ilẹ̀ bá kún fún irú onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Ohun tó rí yani lẹ́nu. Tí nǹkan bá tutù dé ibi tí òtútù ò lè kọjá mọ́, ìyẹn nǹkan bí 273 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, ó yẹ kí ohun gbogbo dákẹ́, kó tò sójú kan. Ti onígun mẹ́ta ò tò. Àìlóǹkà ọ̀nà ló ṣì wà tí wọ́n lè gbà jókòó, kò sì sí èyí tó dáa ju èkejì lọ. Ní 1977, Gérard Toulouse, ọmọ Faransé, pe ipò yìí ní frustration, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lára. Lójú tèmi, ìhámọ́ ló sún mọ́ ọn jù lédè wa: abẹ́rẹ́ náà há sáàárín ohun méjì tó ń fà á.

Ojú apẹ̀rẹ̀ tún wá burú ju ti Wannier lọ. Nínú tiẹ̀, onígun mẹ́ta kan ò pín ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú òmíràn, ṣóńṣó orí nìkan ni wọ́n fi kan ara wọn. Ìyanjú tí ìdílé kan bá rí ò ran ìdílé kejì lọ́wọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn ìwé Syozi, ní 1953, Kano àti Naya ṣírò ọ̀rọ̀ náà dé ìparí: tí àwọn abẹ́rẹ́ tó ń kọ ara wọn bá wà lórí kagome, kò sí bó ṣe lè tutù tó tí wọn yóò fi tò.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn abẹ́rẹ́ òòfà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ká lọ sí Grenoble, ìlú tó wà láàárín àwọn òkè ní Faransé. Ìtàn kejì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tí méjèèjì bá pàdé ni ọ̀rọ̀ wa á tó kún.

Láti 1879 ni Edwin Hall, ará Amẹ́ríkà, ti rí i pé tí iná bá ń ṣàn nínú irin pẹlẹbẹ, tí wọ́n wá gbé òòfà lé e, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń gbé iná náà á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni àwọn wóróówóró tín-tìn-tín tó ń rìn nínú wáyà tá a bá tan iná. Ní oṣù kejì ọdún 1980, Klaus von Klitzing, ọmọ Jámánì, lo òòfà ńlá kan ní Grenoble láti wọn yíyà yẹn nínú ohun tó tutù gan-an. Dípò kí ìwọ̀n náà máa gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ńṣe ló ń gun àtẹ̀gùn: ó dúró, ó fò, ó tún dúró. Ìwọ̀n ibi tó ń dúró sí ò sì yí padà rárá: 25,812.807 ohm, tàbí kí wọ́n fi 2, 3, 4 pín in. Yálà nǹkan tí wọ́n ń wọn ní ìdọ̀tí nínú, yálà ó gùn tàbí ó kúrú, ìwọ̀n kan náà ni. Ẹ ronú sí i bíi kí gbogbo ìyá alágbàdo láti Savè dé Cotonou máa lo igbá tiwọn, kí àgbàdo inú igbá kan má sì fi hóró ẹyọ kan ju ti òmíràn lọ. Von Klitzing gba Nobel ní 1985. Lónìí, ìwọ̀n yẹn ni àgbáyé fi ń ṣètò ohm.

Báwo ni nǹkan tó dọ̀tí ṣe lè fúnni ní ìwọ̀n tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀? David Thouless àti àwọn mẹ́ta tó bá a ṣiṣẹ́ ló dáhùn ní 1982. Láti lóye ohun tí wọ́n sọ, ẹ mú ọ̀já ìpọnmọ kan. Ẹ so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ rán an, ó di òrùka aṣọ. Ẹ mú òmíràn, àmọ́ kẹ́ ẹ tó rán an, ẹ yí orí kan po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún un, ẹ ká a jọ, ẹ fà á gùn: yíyí yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ò lè yọ ọ́ láìgé aṣọ. Tẹ́ ẹ bá sì kà á, odidi ni: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò lè bọ́ sáàárín. Thouless àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìgbì àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú nǹkan yẹn ní irú yíyí bẹ́ẹ̀, pé iye yíyí náà ni àtẹ̀gùn von Klitzing ń kà. Ìdọ̀tí ò lè pa á rẹ́, bí ẹrẹ̀ ò ṣe lè tú yíyí ọ̀já. Ẹ̀ka ìṣirò tó ń wo irú nǹkan báyìí, tí kì í bìkítà bóyá nǹkan gùn tàbí ó tẹ̀, àfi bó ṣe so mọ́ra àti iye ihò rẹ̀, la ń pè ní topology. Níbi etí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, iná lè máa ṣàn ní ọ̀nà kan ṣoṣo láìpadà sẹ́yìn, nígbà tí àárín rẹ̀ wà ní títì pa.

Òòfà tí von Klitzing lò ńkọ́? Ó tóbi, ó wọ́n, kò ṣeé gbé sínú ẹ̀rọ kankan nínú ilé. Ní 1988 ni Duncan Haldane, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tóun náà ti ṣiṣẹ́ ní Grenoble nígbà kan, wá sọ pé a lè má nílò òòfà láti ìta rárá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kírísítálì fúnra rẹ̀ lè tó láti yí ìgbì náà po. Ojú afárá oyin, tóun náà ní igun mẹ́fà, ló fi ṣe àpẹẹrẹ tiẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò gbà nígbà yẹn pé ẹnì kan máa rí ohun gidi tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2016, òun, Thouless àti Michael Kosterlitz jọ gba Nobel.

Ó wá ku kí ojú apẹ̀rẹ̀ àti yíyí ọ̀já pàdé. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ ní 2000, lọ́wọ́ àwọn ará Jàpáànù mẹ́ta: Ohgushi, Murakami àti Nagaosa. Wọ́n rántí àwọn abẹ́rẹ́ tó wà ní ìhámọ́ lórí kagome. Nígbà míì, abẹ́rẹ́ mẹ́ta tí ò rí ọ̀nà àbáyọ kì í dùbúlẹ̀ mọ́, wọ́n á gbé orí sókè díẹ̀, wọ́n á sì fì síra wọn bí òkúta ààrò mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ gbé ìkòkò kà. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá gba àárín ààrò yẹn kọjá á máa yà bíi pé òòfà ńlá wà lókè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ìhámọ́ tó ti jẹ́ ìṣòro láti 1950 ló wá di ohun tó ń yí ìgbì po.

Ohun kejì tún wà tí ojú apẹ̀rẹ̀ ń ṣe sí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ìgbì ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ́ nínú kírísítálì. Tó bá ń yí ojú ńlá onígun mẹ́fà po, tó wá fẹ́ jáde gba onígun mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀nà méjì ló máa gbà dé ṣóńṣó. Ìgbì tó gba ọ̀nà kan á dé bó ṣe ń gòkè, èkejì á dé bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ò ní lè jáde. Ògiri kankan ò sí, hihun ló tì í mọ́lé. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn bá há báyìí, tí wọn ò lè sáré mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí ara wọn, bí èrò ọkọ̀ tí ọkọ̀ wọn há sójú ọ̀nà: àwọn tí ò kí ara wọn látàárọ̀ á wá máa bára wọn sọ̀rọ̀. Inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni òòfà tuntun àti ohun àrà mìíràn ti ń wá.

Pépà àti bírò ni gbogbo èyí o. Ohun gidi dà? Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn. Ní 2004, wọ́n fún òkúta aláwọ̀ ewé kan tó wá láti Chile lórúkọ, herbertsmithite, ní ìrántí Herbert Smith tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìkóǹkan-pamọ́ ní London. Bàbà ló wà nínú rẹ̀, àwọn átọ́ọ̀mù bàbà yẹn sì to ara wọn bí ojú apẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn onímọ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà ti ṣe é fúnra wọn. Wọ́n mú un tutù títí, àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò tò. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 fi hàn pé ńṣe ni wọ́n ń yí bìrí bìrí bí omi. Àríyànjiyàn ò tíì tán lórí rẹ̀ títí di báyìí, torí bàbà díẹ̀ máa ń bọ́ sípò síǹkì. Àwọn ahunṣẹ́ mọ̀ pé fọ́nrán kan tó bà jẹ́ lè da gbogbo agbọ̀n rú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni irin dé. Ní 2015, Satoru Nakatsuji àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Tokyo fi hàn pé Mn3Sn, tó jẹ́ manganese àti tánganran, ń mú iná yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsí òòfà láti ìta, kì í sì í ṣe nínú òtútù ńlá, nínú ooru yàrá lásán ni. Òun alára fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè fa abẹ́rẹ́. Ní 2018, MIT gbé Fe3Sn2 jáde, irin àti tánganran. Ọdún kan náà ni Co3Sn2S2, kóbáltì, tánganran àti imí ọjọ́. Ẹ kíyè sí i pé tánganran wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tánganran yìí kan náà ni wọ́n fi ń bo inú agolo tòmátì, òun kan náà sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wà ní Jos láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí wọ́n ń fi rélùwéè kó lọ sí èbúté. Nínú agolo, kò ṣe ohun àrà kankan. Irin náà, ẹ bi alágbẹ̀dẹ wò bóyá ó ti rí èyí tó ń yí ìgbì po. Ohun tó mú ìyàtọ̀ wá ni bí wọ́n ṣe hun ún.

Ti 2019 ló ń pariwo jù báyìí. Wọ́n rí ìdílé irin kan tí vanadium inú rẹ̀ to bí ojú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, CsV3Sb5, wọ́n rí i ní 2020 pé tó bá tutù dé nǹkan bí 270 nísàlẹ̀ òdo, iná á máa ṣàn nínú rẹ̀ láìsí ìdíwọ́ kankan. Àwọn kan ní kó tó débẹ̀ pàápàá, iná tín-tìn-tín ti ń yí ojú apẹ̀rẹ̀ náà po fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó tan án. Àwọn mìíràn wọ̀n ọ́n, wọn ò rí i. Ìjà náà ṣì ń lọ.

Ibo ni àwa wà nínú gbogbo èyí? Láti ṣe irú kírísítálì wọ̀nyẹn, ìléru gbọ́dọ̀ máa gbóná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìjẹ́ kí iná lọ. Ẹ mọ̀ bí iná ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Ohun èlò tí wọ́n fi ń mú un tutù wọ́n ju owó ilé-ìwé kan lọ. Fún ìdí yìí, ọ̀nà pépà àti ìṣirò ni ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà gbà wọlé. Alexander Animalu, ọmọ Nàìjíríà, wà ní Cambridge ní 1965 nígbà tí òun àti Volker Heine tẹ ìṣirò kan jáde nípa bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń ṣe nínú èròjà 25. Àwọn onímọ̀ irin lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó padà wálé, ó kọ́ni ní Nsukka. Ní 1964, Abdus Salam, ọmọ Pakistan, dá ilé ìwádìí ICTP sílẹ̀ ní Trieste ní Ítálì, kí onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè tálákà lè rí ibi tó máa ti bá ẹgbẹ́ pé láìfi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ilé yẹn wà lára àwọn tó ti IMSP lẹ́yìn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 lápá Porto-Novo, tó wà ní Dangbo báyìí, tí Jean-Pierre Ezin kọ́kọ́ darí. Ọmọ Bessé tó bá ka ìwé rẹ̀ já ní Savè, tó gba Abomey-Calavi kọjá, lè dé Dangbo láìkọjá ẹnubodè kankan.

Lórí kagome gan-an, ẹ wá orúkọ S. A. Owerre, tó ti ṣiṣẹ́ ní AIMS ní Muizenberg, lẹ́bàá Cape Town, àti ní Perimeter Institute ní Kánádà. Ní 2017, ó tẹ ìṣirò jáde nínú Physical Review B nípa bí ooru, kì í ṣe iná, ṣe lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú kagome tó wà ní ìhámọ́. Ní 2018 sì ni ilé ìwádìí EAIFR bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kigali lábẹ́ Omololu Akin-Ojo, ọmọ Yorùbá, tí iṣẹ́ tirẹ̀ dá lórí ṣíṣírò bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń rìn nínú nǹkan. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ ètò orí rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ẹnì kan ṣì kù tí mi ò lè fò. Paulus Gerdes, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Mòsáńbíìkì, tó kú ní 2014, lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ àwọn tó ń hun agbọ̀n. Ó wo hihun ojú mẹ́fà tiwọn, ó sì béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò béèrè: báwo ni agbọ̀n ṣe ń tẹ̀? Hihun onígun mẹ́fà nìkan, pẹlẹbẹ ló máa wà títí láé. Kí ìdí agbọ̀n tó lè tẹ̀, ahunṣẹ́ gbọ́dọ̀ fo fọ́nrán kan níbì kan, kí ojú kan di onígun márùn-ún. Tó bá fẹ́ kó tẹ̀ títí tó fi di bọ́ọ̀lù, ojú onígun márùn-ún náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 12. Mọ́kànlá ò tó, 13 ti pọ̀ jù. Bóyá bọ́ọ̀lù náà tóbi tàbí ó kéré, 12 ni. Topology nìyẹn, èyí tá a fi ọ̀já ṣàpèjúwe lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì rí bọ́ọ̀lù átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 60 ní 1985, tó mú wọn gba Nobel ní 1996, ojú onígun márùn-ún 12 ló wà lára rẹ̀. Gerdes kọ ìwé lórí bí a ṣe lè fi hihun agbọ̀n ṣe àwòrán irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé àwọn ìyá àti bàbá tó ń hun agbọ̀n mọ̀ nípa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Wọn ò mọ̀, Syozi náà ò sì mọ agbọ̀n hun tó wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọwọ́ wọn mọ iye fọ́nrán tó yẹ kí wọ́n fò, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kí ìwé tó kọ ọ́. Ìmọ̀ yẹn ń kú báyìí, torí ike ti gba ọjà, ọmọ tó bá sì ń hun agbọ̀n, wọ́n á ní kò ríwèé kà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ sì ń dùn mí. Ṣábẹ wa ni Faransé kọ ní Savè. Kétu di Kétou, Ìdáàṣà di Dassa, Ọ̀pàrà di Okpara, Àjàṣẹ́ di Porto-Novo pátápátá. Orí àwòrán ilẹ̀ tiwa nìyẹn, nílé wa. Àwọn tó wà ní Osaka, tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ìlú wọn mọ́ wọn lórí, mú ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, wọ́n fi sínú ìwé ìmọ̀, gbogbo ayé sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bessé, ní Kaboua, ní Ofè, ní Kétu tàbí ní apá Nàìjíríà, ẹ bá mi bi àwọn àgbà tó ṣì ń hun agbọ̀n. Hihun tó ní ọ̀nà mẹ́ta, tí ojú rẹ̀ ní igun mẹ́fà, kí ni wọ́n ń pè é ládùúgbò yín? Ojú onígun márùn-ún tó ń jẹ́ kí ìdí agbọ̀n tẹ̀, ṣé ó ní orúkọ tiẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí bí wọ́n bá ṣe pè é gẹ́lẹ́, pẹ̀lú orúkọ abúlé náà. Tẹ́ ẹ bá lè ya fọ́tò agbọ̀n ọ̀hún, ẹ yà á láti ìsàlẹ̀, níbi tó ti ń tẹ̀.